Kí Ni Ó Bá Mu? Èrò Lórí Ẹsẹ̀ Ìpààrọ̀ fún Àwòṣe Ọkọ̀ Ẹrù Ojú Irin

Bí ènìyàn bá ra páálí ẹsẹ̀ ìpààrọ̀ kan fún àwòṣe ọkọ̀ ẹrù ojú irin ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àkọlé kúkúrú ni ó sábà máa ń bá lára rẹ̀: HO, 33 ínǹṣì, Kóòdù 88, RP-25. Nǹkan mẹ́rin ni àkọlé yìí sọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó sì yàtọ̀ sí ara wọn. Èkíní ń sọ ọ̀nà mélòó tí a pín ọkọ̀ gidi sí kí ó tó di kékeré. Èkejì ń sọ bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ gidi tí a wò ṣe é ti ga tó. Ẹ̀kẹta ń sọ bí ẹsẹ̀ kékeré náà ti fẹ̀ tó. Ẹ̀kẹrin sì ń tọ́ka sí bí a ti ṣe gbẹ́ ojú rẹ̀ àti etí rẹ̀. Ẹ gbé àkọlé yìí fún olùtumọ̀ kí ó sọ ọ́ di Yorùbá. Bí kò bá ṣọ́ra, 'ìwọ̀n' ni yóò pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò purọ́, nítorí pé ìwọ̀n ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí ọjà yóò gbé ẹsẹ̀ tí kò wúlò fún un wálé, ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì máa bọ́ kúrò lórí irin ní oríta gbogbo.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan wí pé ohun ìṣeré ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, àti pé kò yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè máa fi àkókò ṣòfò lórí ohun ìṣeré. Ohun ìṣeré tí ó bá ti ní ìgbìmọ̀ tí ń ṣe òfin fún un kì í tún ṣe ohun ìṣeré lásán mọ́. Ní ọdún 1935 ni àwọn aláwòṣe ọkọ̀ ojú irin ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ NMRA sílẹ̀ ní ìlú Milwaukee. Ní ọdún 1954 ni àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù dá MOROP sílẹ̀, tí òfin tiwọn ń jẹ́ NEM. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń ṣe kò jìnnà sí iṣẹ́ ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ọ̀rọ̀-ìperí: wọ́n ń rí i pé irin tí ẹni kan rọ ní ìlú kan gba ẹsẹ̀ tí ẹlòmíràn ṣe ní ìlú mìíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì kò rí ara wọn rí. Ẹni tí ó bá ti jókòó níbi tí a ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tuntun yóò mọ̀ pé iṣẹ́ náà kò rọrùn.

Ìdí mìíràn tún wà. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi èdè Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ rẹ̀ kìíní ní ọdún 1984, sì ti fún àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè gbára lé. Ibi tí ọwọ́ kò tíì tó dáadáa ni iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń fi ìdá mìlímítà wọ̀n. Nínú ìtàn, òǹkàwé lè fi ọgbọ́n orí rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ tí kò péye ṣe. Nínú irin tí ó fẹ̀ ní mìlímítà méjì àti díẹ̀, kò sí ọgbọ́n orí tí ó lè tún un ṣe. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kékeré yìí fi jẹ́ ibi tí ó dára láti dán agbára ọ̀rọ̀-ìperí wò.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro jù níbẹ̀ kò sí lára páálí rárá. Òun ni èyí tí oníbàárà ń béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà: ǹjẹ́ ẹsẹ̀ yìí bá a mu? Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan ṣoṣo lè dá ru ẹrù ìtumọ̀ yìí. Ọlọ́jà lè kọ ọ́ gàdàgbà sára ọjà rẹ̀ láìsọ ohun tí ọjà náà bá mu. Gírámà Yorùbá kò fi àyè gba irú ìmẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe 'bá … mu' kò lè ṣàìní àbọ̀: aṣọ bá ènìyàn mu, fìlà bá aṣọ mu, ọ̀rọ̀ bá ìgbà mu. Ẹni tí ó bá wí pé 'ẹsẹ̀ yìí bá mu' kò tíì parí gbólóhùn rẹ̀. Kódà nígbà tí a bá wí pé 'ó bá a mu', ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ 'a' ń bẹ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ó ń retí ẹni tí yóò béèrè pé: bá kí ni mu? Àwọn tí ń kọ 'báamu' papọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan ti gbé àbọ̀ náà mì. Àwọn tí ó sì yára sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ orúkọ, tí wọ́n ń kọ 'ìbáramu' káàkiri inú ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti fi 'ara' rọ́pò rẹ̀, a kò sì mọ ara èwo mọ́.

Kò sí ohun tí ó burú nínú 'ìbáramu' bí àkòrí orí ìwé. Nínú ìtọ́sọ́nà fún ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìṣe pẹ̀lú àbọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí olùtumọ̀ lò, nítorí pé nǹkan tí ẹsẹ̀ ìpààrọ̀ gbọ́dọ̀ bá mu kì í ṣe ẹyọ kan. Ó gbọ́dọ̀ bá irin mu, ó gbọ́dọ̀ bá oríta irin mu, ó gbọ́dọ̀ bá férémù tí ọ̀pá rẹ̀ wọ̀ mu, ó gbọ́dọ̀ bá gíga ìkọ́ tí ó so ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀ mu, ó sì gbọ́dọ̀ bá iná tí ń gba inú irin mu. Ó lè bá mẹ́rin mu nínú àwọn wọ̀nyí kí ó má bá ẹ̀karùn-ún mu, ọkọ̀ náà kò sì ní í rìn.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń kọ́kọ́ wọlé ni ìyàtọ̀ láàárín bí àwòṣe ti kéré sí ọkọ̀ gidi tó àti bí irin méjì ti jìnnà sí ara wọn tó. Àwòṣe HO jẹ́ ìdá mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ọkọ̀ gidi, mìlímítà 3.5 ni ó dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Àwọn olùkọ́ ìṣirò ti ní ọ̀rọ̀ fún èyí tipẹ́tipẹ́. 'Ìdá' ni. Bí a bá pè é ní 'ìdá àwòṣe', ọmọ tí ó ti kọ́ ìdá méjì àti ìdá mẹ́rin kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nǹkan tuntun. Ní ti èkejì, ohun tí a ń wọ̀n ni àyè tí ó wà láàárín ojú inú irin ọ̀tún àti ojú inú irin òsì. 'Ìbú irin' kò dára fún un, nítorí pé irin kọ̀ọ̀kan ní ìbú tirẹ̀. 'Àlàfo irin' ni ó sọ ọ́ bí ó ti rí. Àlàfo irin HO jẹ́ mìlímítà 16.5. Ti ọkọ̀ gidi ní Amẹ́ríkà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù jẹ́ mìlímítà 1,435. Pín in sí ọ̀nà 87, 16.5 náà ni yóò jáde.

Nítorí pé ìṣirò yìí jáde déédéé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé ẹni tí ó bá ti mọ ọ̀kan ti mọ èkejì. Ilẹ̀ Britain ni ó tú àṣírí èrò yìí. Àwòṣe OO tí wọ́n ń lò níbẹ̀ jẹ́ ìdá 76, síbẹ̀ orí irin alálàfo 16.5 kan náà ni ó ń rìn. Bí wọ́n bá tẹ̀lé ìṣirò ni, mìlímítà 18.83 ni ì bá jẹ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹrù Britain àtijọ́ ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínǹṣì kan àbọ̀. Nínú OO, èyí jẹ́ mìlímítà 12.5. Ẹsẹ̀ ínǹṣì 33 ti Amẹ́ríkà nínú HO jẹ́ mìlímítà 9.6. Méjèèjì lè dúró lórí irin kan náà láìwó. Ẹni tí ó bá fi àlàfo irin nìkan ra ẹsẹ̀ fún ọkọ̀ ẹrù Britain rẹ̀ lè rí i pé ọkọ̀ náà dà bí àgbàlagbà tí ó wọ bàtà ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ojú irin àtijọ́ láàárín Èkó àti Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1901, ní àlàfo mìlímítà 1,067. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ìlú méjèèjì yìí ní ọdún 2021 ní àlàfo mìlímítà 1,435. Ọkọ̀ ti ọ̀kan kò lè rìn lórí èkejì. Bí olùkọ́ kan bá fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe àwòṣe méjèèjì ní ìdá 87, ti tuntun yóò gba irin alálàfo 16.5, ti àtijọ́ yóò gba mìlímítà 12 àti díẹ̀, irin alálàfo 12 tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní H0m sì ni ó súnmọ́ ọn jù lọ. Ìdá kan, àlàfo méjì. Láàárín Britain àti Amẹ́ríkà, àlàfo kan, ìdá méjì. Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ bá fi 'ìwọ̀n' pe méjèèjì kò ní ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Àwọn kan fẹ́ kí á yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí á máa pe àlàfo irin ní 'gééjì'. Ẹ wo ohun tí a yá. Awakọ̀ ti ń lo gééjì fún ohun tí ń fi iye epo inú ọkọ̀ hàn. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe àlàfo irin, òun ni wọ́n fi ń pe irinṣẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo náà, òun kan náà ni wọ́n sì fi ń sọ bí wáyà ti nípọn tó. Ẹni tí ó bá yá a yá gbèsè mọ́ ọn.

Ní ti ẹ̀yà ara ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ náà dùn mọ́ni ju bí a ti lè rò lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ń du ipò. 'Kẹ̀kẹ́' ti kó iṣẹ́ púpọ̀ jọ: kẹ̀kẹ́ ìrànwú, kẹ̀kẹ́ tí a ń gùn, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń gbé èrò nígboro. 'Táyà' kò tọ́ rárá, nítorí pé rọ́bà ni táyà nínú èrò àwọn ènìyàn, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin kò sì ní rọ́bà. 'Ẹsẹ̀' ni àwọn ènìyàn fi ń ka ọkọ̀: ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó kó ẹbí wá. Apá tí ń tẹ orí irin, tí gbogbo ẹrù ọkọ̀ dúró lé, kò ní orúkọ mìíràn tí ó tó 'àtẹ́lẹsẹ̀'. Etí tí ó yọ sílẹ̀ ní apá inú, tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ kúrò lórí irin, ni àríyànjiyàn wà lé lórí. Ẹni tí ó fẹ́ kí ẹbí pé yóò mú 'gìgísẹ̀' wá. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ ń gbé ènìyàn dúró, etí yìí kò sì gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ dúró. Ọjọ́ tí ó bá gbé e dúró ni ọkọ̀ bọ́. 'Ètè' ni ó yẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ètè ìkòkò tí ó yọ síta láti ara ìkòkò. Wọ́n lè wí pé ẹsẹ̀ kì í ní ètè. Ìkòkò náà kì í sọ̀rọ̀, ó sì ní ètè.

Kóòdù ni ìdẹkùn tí ó burú jù nínú àkọlé páálí. Àwọn aláwòṣe ń ta irin kóòdù 100, kóòdù 83 àti kóòdù 70; nọ́ńbà náà ń sọ bí irin ti ga tó ní ìdá ẹgbẹ̀rún ínǹṣì. Wọ́n tún ń ta ẹsẹ̀ kóòdù 110 àti kóòdù 88. Nọ́ńbà ti èyí ń sọ bí ẹsẹ̀ ti fẹ̀ tó, àtètè àtàtẹ́lẹsẹ̀, ní ìdá ẹgbẹ̀rún ínǹṣì kan náà. Gíga ni ti irin, ìbú ni ti ẹsẹ̀, orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tí ó ní irin kóòdù 100 lè máa wá ẹsẹ̀ kóòdù 100 kiri títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ 'gíga irin' síbi kan, tí ó kọ 'ìbú ẹsẹ̀' síbi kejì, ti ṣe ohun tí àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀ náà gan-an kò ṣe.

Ìbú ẹsẹ̀ yìí sì ni ó fi hàn pé ohun méjì ni ẹsẹ̀ ìpààrọ̀ ń lé, tí ohun méjèèjì sì ń bá ara wọn jà. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹrù gidi ní Amẹ́ríkà kò fẹ̀ tó ínǹṣì 6. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 87, kò ní í tó 0.07 ínǹṣì. Kóòdù 110 fẹ̀ tó mìlímítà 2.79, ó ju ìlọ́po kan àbọ̀ ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ lọ. Kóòdù 88, tí ó jẹ́ mìlímítà 2.24, súnmọ́ òtítọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí àwọn tí ojú wọn mú fi fẹ́ràn rẹ̀. Ìjọra ni èyí: kí àwòṣe jọ ọkọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ jọ ti ọkọ̀ gidi kò sọ pé yóò bá irin mu. Ní oríta, ibi tí irin kan ti gbọ́dọ̀ kọjá lára irin kejì, wọ́n máa ń fi ihò tóóró sílẹ̀ kí ètè lè rí ọ̀nà gbà. Àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó fẹ̀ lè na ara rẹ̀ kọjá ihò náà. Èyí tí ó tín-ín-rín lè jìn sínú rẹ̀ díẹ̀, kí ọkọ̀ sì ta gọ́n-ọ́n. Bí oríta bá jẹ́ èyí tí a ṣe fún ẹsẹ̀ fífẹ̀, tí ihò rẹ̀ ṣí sílẹ̀ dáadáa, ẹwà kóòdù 88 kò ní í wúlò níbẹ̀. Ìwé tí ó bá fi 'ìbáramu' pe ìjọra àti ìbáramu papọ̀ yóò gba oníbàárà ní ìmọ̀ràn tí kò dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí a lè pè ní irọ́.

Orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fún ibi ìkọjá náà ni orúkọ ọ̀pọ̀lọ́. Olùtumọ̀ tí kò rí oríta irin rí yóò kọ 'ọ̀pọ̀lọ́', olùkọ́ ni yóò sì máa ṣàlàyé fún àwọn ọmọ bí ọ̀pọ̀lọ́ ti ṣe dé abẹ́ ọkọ̀ ojú irin. 'Ibi ìkọjá' tó. Kò sí ohun tí ó sọnù.

Jíjìn ètè kò gba àlàyé púpọ̀. Ètè tí ó tẹ̀lé RP-25 ní kóòdù 110 jìn ní nǹkan bí 0.025 ínǹṣì. Àwọn ẹsẹ̀ àtijọ́ kan jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí irin kúkúrú, ètè wọn a máa gbá orí ìṣó tí ó de irin mọ́lẹ̀. Àwọn tí ń lo àwòṣe N, tí í ṣe ìdá 160 ní Amẹ́ríkà lórí irin alálàfo mìlímítà 9, mọ ariwo tí ètè jíjìn ń pa lórí irin kóòdù 55.

Ìwọ̀n kan wà tí ojú kì í rí, tí ó sì ń ba ìrìn jẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Òun ni àyè tí ó wà láàárín ojú inú ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ojú inú ẹsẹ̀ òsì lórí ọ̀pá kan náà. Nínú HO, ó wà ní àyíká mìlímítà 14.4. Bí ó bá fún jù, ojú inú ẹsẹ̀ yóò máa ha irin aṣọ́sẹ̀ tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ oríta, yóò sì fẹ́ gùn ún. Bí ó bá fẹ̀ jù, ètè yóò kọlu ẹnu ṣóńṣó ibi ìkọjá, ọkọ̀ yóò sì gba ọ̀nà tí a kò rán an. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìwọ̀n yìí ní ti ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Ẹ kíyè sí i pé Yorùbá kò wo ẹsẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀pá pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì sí iwájú ọmọ Yorùbá, tí ó ní kí ó wọn ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, lè rí i pé ojú òde ni ọmọ náà yóò wọ̀n, nítorí pé lójú tirẹ̀ ojú inú méjèèjì ń wo ara wọn ni, wọn kò kẹ̀yìn sí ara wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ojú òde àti ojú inú ju mìlímítà mẹ́rin lọ. Kò sí ẹsẹ̀ tí ó lè yè é. 'Àlàfo ẹsẹ̀' ni ó yẹ, ó sì bá 'àlàfo irin' ṣe ìbejì. Bí ọmọ bá ti mọ̀ pé àlàfo ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí àlàfo irin, kí ètè méjèèjì lè rí àyè, ó ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà. NMRA ní pẹlẹbẹ irin kékeré kan tí a gé ẹnu sí lára, tí a fi ń dán èyí wò; ẹni tí ó bá ra ẹsẹ̀ láìní pẹlẹbẹ yìí ń fi ojú wọn ohun tí ojú kò lè wọ̀n.

Ọ̀pá ni ó kàn. Inú àwọn ìwé Amẹ́ríkà, férémù tí ó di ọ̀pá méjì mú pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀, tí ó sì ń yí bí ọkọ̀ ti ń yí, ń jẹ́ orúkọ kan náà tí àwọn ará Nàìjíríà fi ń pe ọkọ̀ akẹ́rù ojú títì. Ìtumọ̀ tí ó bá sọ pé kí a yọ ẹsẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ akẹ́rù ti sọ òǹkàwé nù pátápátá. 'Akẹ́sẹ̀jọ' tẹ̀lé ìlànà tí a fi ṣẹ̀dá 'akẹ́rù', ó sì sọ iṣẹ́ tí férémù náà ń ṣe: ó kó ẹsẹ̀ jọ. Orí ọ̀pá méjèèjì rí ṣóńṣó, ó sì wọ inú ihò kékeré nínú akẹ́sẹ̀jọ, ihò tí a lè pè ní 'àkọ̀'. Gígùn ọ̀pá HO ju ínǹṣì kan lọ díẹ̀, ó sì ń yàtọ̀ láti ọwọ́ aṣe-ẹsẹ̀ kan sí èkejì ní ìdá ọgọ́rùn-ún ínǹṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú OO ti Britain, mìlímítà 26 ni ó wọ́pọ̀. Bí ọ̀pá bá gùn jù, yóò fún mọ́ àárín àkọ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ kò sì ní í yí. Bí ó bá kúrú jù, ọkọ̀ yóò máa mì lọ mì bọ̀, yóò sì rẹlẹ̀. Kò sí lẹ́tà HO kankan tí ó lè sọ èyí fún oníbàárà. Kí ó wọn ọ̀pá tí ó ń yọ kúrò, kí ó fi tuntun sínú akẹ́sẹ̀jọ, kí ó gbé ọkọ̀ lé orí pákó tí ó dagun díẹ̀. Bí ọkọ̀ kò bá yí lọ fúnra rẹ̀, ọ̀pá náà kò bá àkọ̀ náà mu.

Ìdábùú ẹsẹ̀ ní òfin tirẹ̀ láti ara ọkọ̀ gidi. Ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ ínǹṣì 33 ni ó wà lábẹ́ ọkọ̀ ẹrù tọ́ọ̀nù 50 àti 70. Ínǹṣì 36 ni ti tọ́ọ̀nù 100. Nínú HO, ìdábùú ti èkejì jẹ́ mìlímítà 10.5. Bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ 36 rọ́pò 33, ọkọ̀ rẹ̀ yóò ga sí i ní nǹkan bí mìlímítà 0.44, nítorí pé ìdajì ìyàtọ̀ ìdábùú ni ó ń gbé ọkọ̀ sókè. Ìkọ́ náà yóò sì ga sí i bákan náà. Lórí tábìlì, ìyẹn kò jọ nǹkan kan. Nígbà tí ogún ọkọ̀ bá so mọ́ ara wọn, ìkọ́ tí ó yọ sókè díẹ̀ lè já ní ibi tí irin bá ti gbé lọ sílẹ̀. Ìbéèrè yìí dára púpọ̀ fún ìdánwò ìṣirò, ju àwọn ìbéèrè kan lọ tí a ń fún ọmọ nípa ọsàn tí kò sí ẹni tí ó jẹ ẹ́.

Iná ni ó ṣẹ́kù. Nínú àwòṣe olójú irin méjì, irin ọ̀tún àti irin òsì ni ń gbé iná wá, tí wọ́n sì ń gbé e padà. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá jẹ́ irin, tí ọ̀pá wọn náà sì jẹ́ irin, a gbọ́dọ̀ fi ohun tí iná kò lè là kọjá ya ẹsẹ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná yóò gba àbùjá láti irin kan bọ́ sí èkejì, gbogbo ọkọ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà yóò sì dúró. 'Àbùjá iná' ni ó tọ́ kí á pe èyí. Àwòṣe Märklin ti ilẹ̀ Jámánì kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé ààrin ojú irin ni iná rẹ̀ ti ń wá, irin méjèèjì sì jọ ń gbé e padà. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹrù Märklin tí ó jẹ́ ti ètò yẹn kò ní ìdínà iná. HO ni, àlàfo irin rẹ̀ jẹ́ 16.5, ìdá rẹ̀ jẹ́ 87. Gbé e lé irin olójú méjì, ó di àbùjá iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì pé 'ó bá a mu' kò tó láti sọ, ẹsẹ̀ yìí ni kí ó fi dánwò.

Ní ti ohun tí a fi ṣe ẹsẹ̀, ike tàbí irin, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ aláwòṣe gbà pé ẹsẹ̀ ike ń kó ìdọ̀tí jọ sórí irin, àti pé ẹsẹ̀ irin ń fi ìwúwo kún ọkọ̀ níbi tí ó ti wúlò jù, nísàlẹ̀.

Àwọn tí ó ní kí á fi gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì máa ń wí pé ẹni tí ó lówó ra àwòṣe ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bóyá òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní kí á fi í sílẹ̀ sí ni ó pe ibi ìkọjá ní ọ̀pọ̀lọ́, tí ó fi orúkọ ọkọ̀ akẹ́rù pe akẹ́sẹ̀jọ, tí ó fi kóòdù pe gíga, tí ó tún fi kóòdù pe ìbú. Àwọn tí ó bí i ti mọ́ ọn lára, wọ́n sì ń fi ìmọ̀ ọwọ́ dí àbùkù rẹ̀. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti èdè mìíràn kò ní irú ìmọ̀ ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ní. Èyí ni ó fà á tí ìtumọ̀ fi gbọ́dọ̀ mọ́ ju orísun rẹ̀ lọ níbí. Àkọlé páálí tí a fi bẹ̀rẹ̀ lè di Yorùbá báyìí, láìsí ọ̀rọ̀ kan tí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò lè ṣàlàyé:

Ẹsẹ̀ ìpààrọ̀ fún àwòṣe ìdá 87. Ó bá irin alálàfo mìlímítà 16.5 mu. Ìdábùú rẹ̀ dúró fún ẹsẹ̀ ínǹṣì 33 ti ọkọ̀ gidi. Ìbú ẹsẹ̀, 0.088 ínǹṣì, ẹ wo oríta irin yín bóyá ihò ibi ìkọjá rẹ̀ kò fẹ̀ jù fún un. Ètè àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀lé RP-25. Ó ní ìdínà iná ní ẹsẹ̀ kan. Kí ẹ tó rà á, ẹ wọn ọ̀pá tí ẹ fẹ́ yọ.